Ọjọ́ Àáró Tí Bàbá Rádà Fi Sílẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú koríko fún ìjọba, ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń fi ọkọ́ lé koríko kiri. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé wa ní Ṣakí ti rín in tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, Sùúlè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pè mí sẹ́yìn ilé.

Ó ní, "Làmídì, wọ́n ní ò ń bomi rin koríko?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọ́n sì ń sanwó fún ọ?"

Mo ní wọ́n ń san. Ó wo ojú mi títí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Rọra máa bá a lọ. Má jẹ́ kí ojú wọn là."

Kíláàsì mẹ́rin ni mo ka ìwé dé. Kúdírátù ọmọ mi ló ní kí n kọ ìtàn yìí, nígbà tí ó rí i pé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kì í sọ̀rọ̀ ju kí n dáhùn bí wọ́n bá kí mi. Ó ra ìwé ńlá kan àti báírò méjì, ó kó wọn sórí itan mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kọ ti Bàbá Rádà." Ìyá rẹ̀, Ràbí, ló fẹ́ràn ìtàn náà jù. Òun ló máa ń sọ ọ́ fún àlejò. Èmi kàn máa ń jókòó tì í, kí n máa yọ èyí tí ó bá bù mọ́ ọn kúrò. Ní báyìí kò sí ẹni tí yóò bù mọ́ ọn mọ́. Bí ó ṣe rí gan-an ni ẹ ó ṣe kà á.

Ìgbà ìjọba ológun ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ wá di Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ibi iṣẹ́ wa wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ń gbé. Ọ̀gá Akíntáyọ̀ ni olórí wa. Koríko tó wà níwájú ilé rẹ̀ kì í ṣe koríko lásán. Bàhámà ni wọ́n ń pè é, èyí tó máa ń fà nílẹ̀ tí yóò sì fẹ́lẹ́ bí ẹní. Láti Ìbàdàn ni Ọ̀gá ti fi ọkọ̀ kó o wá nínú àpò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Ìyàwó Ọ̀gá fúnra rẹ̀ a máa yí ká bí ẹni tó ń yẹra fún odò.

Bàbá Dáúdà ni gádínà tó wà níbẹ̀ kí n tó dé. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ti ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, bí a ṣe ń pọ́n ẹnu rẹ̀, àti bí a ṣe ń wo ojú ọjọ́ kí a tó gé e. Ó máa ń sọ pé, "Irun orí ni koríko. Bí o bá gé e kù díẹ̀, ó dára. Bí o bá fá a, wọ́n á bi ọ́ pé ta ló kú."

Nígbà tí Ọ̀gá Akíntáyọ̀ fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́rin lókè òkun, tòun tìyàwó rẹ̀, ó mú mi lọ síwájú koríko náà bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ lé mi lọ́wọ́.

"Làmídì."

"Sà."

"Bí mo bá dé, tí nǹkan kan bá ti ṣe koríko yìí, kí n má bá ọ nínú yàrá yẹn."

Yàrá kan tí a ń gbé lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló ń wí. Ràbí wà nínú yàrá náà, oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀, oyún tí a ti retí fún ọdún mẹ́fà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kò ní sí nǹkan kan tí yóò ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gbé òyìnbó wá sínú ilé náà. Mo ní òyìnbó. Ọmọ Íńdíà ni, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tó tèmi. Ṣùgbọ́n bàálù ló gbé e wá, ní Ṣakí ìgbà náà, ó ti tó láti di òyìnbó. Dókítà Mohan ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú àwọn aláwọ̀ funfun, ó wá lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn wọn lọ́dọ̀ wa. Ó ní ìgbà oòrùn ni wọ́n ń pe oṣù mẹ́ta náà lọ́dọ̀ wọn. Òjò tó kí i káàbọ̀ lọ́jọ́ kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bàtà rẹ̀ lọ.

Ràbí bi mí pé irú dókítà wo ni.

Mo ní, "Dókítà ilẹ̀ ni."

Ó ní, "Ilẹ̀? Kí ló ń ṣe ilẹ̀?"

Mo ní ó fẹ́ mọ̀ bóyá ara ilẹ̀ wa le. Ràbí gbé igbá omi rẹ̀, ó ní ara ilẹ̀ le ju tiwa lọ, òun ló ń jẹ gbogbo wa gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Ràbí lẹ́nu pé òun kò lè máa pe ẹni tó tó bàbá òun lórúkọ. Ó ní kí n fi èdè òyìnbó díẹ̀ tí mo gbọ́ bi í pé kí ni orúkọ ọmọ rẹ̀. Òyìnbó náà fi àwòrán kan hàn wá: ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Rádà ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di Bàbá Rádà. Kí oṣù tó pé, gbogbo ìlú ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún mi pé níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí ẹni tó ń fi orúkọ ọmọ pe òun. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa kọ lẹ́tà sí Rádà.

Èmi kọ́ ló yẹ kí n máa tẹ̀ lé e lọ sí oko. Tìmótì dírẹ́bà ni wọ́n yàn fún un. Ṣùgbọ́n Tìmótì ní ọkọ̀ ni òun wá wà, òun kò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá gbẹ́ ihò. Bí mo ṣe di agbẹ́hò nìyẹn. A ní irin gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ lọ́ bí ìwo àgbò. A ó yí i wọ ilẹ̀, yóò gbé erùpẹ̀ jáde, Bàbá Rádà yóò fọwọ́ pa á, yóò gbóòórùn rẹ̀, nígbà mìíràn yóò fi díẹ̀ kan ahọ́n. A ó dà á sínú àpò kékeré, a ó kọ orúkọ ìlú sí i lára. A lọ sí Ìgbòho, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Tédé, títí dé Ìsẹ́yìn.

Ní Ìwéré-Ilé, bàbá arúgbó kan dúró lé wa lórí.

"Ẹ ń kó ilẹ̀ wa lọ?"

Mo ní, "Díẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ní, "Àwọn tó ṣáájú yín náà, díẹ̀ ni wọ́n ní."

Síbẹ̀, nígbà tí a ó fi wọ ọkọ̀, ó ti fi àkùkọ kan ránṣẹ́ sí wa. Ibẹ̀ ni wàhálà kékeré ti bẹ̀rẹ̀, kí ńlá tó dé. Kò sí ìlú kan ní Òkè-Ògùn tí yóò jẹ́ kí àlejò lọ lọ́wọ́ òfo. Àkùkọ sì ni wọ́n ń fún un. Bàbá Rádà kì í jẹ ẹran. Kì í jẹ adìyẹ, kì í jẹ ẹja, ẹyin gan-an, yóò wò ó tàánútàánú. Kò lè kọ ẹ̀bùn, kò sì lè pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ ìlú tí wọ́n ti wá. Nígbà tí ó fi di oṣù Keje, àkùkọ mẹ́jọ ló wà lágbàlá wa. Tédé ń lé Ìgbòho kiri, Ìwéré ń kọ láìro ìgbà. Èmi ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn kúrò lórí bàhámà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Mo rò pé àwọn ni ọ̀tá mi.

Ọjọ́ kan ni a lọ gbẹ́ ilẹ̀ lóko Lásísì, tí kò jìnnà sí wa. A bá ọkùnrin mẹ́fà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ ebè ẹ̀gẹ́: Lásísì fúnra rẹ̀, Bùrémọ̀, Jóòbù, Rájí, Mùdà, àti Àdìsá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú tó sì yá ju gbogbo wọn lọ. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí kò bá mọ àáró, ẹ jẹ́ kí n là á yé e. Lónìí a ó ṣe oko tèmi, lọ́la a ó ṣe ti Rájí, lọ́túnla a ó ṣe ti Mùdà, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Ẹni tó ni oko ló ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ẹlòmíràn, ọjọ́ kan tirẹ̀ ti wà lọ́rùn wọn nìyẹn. Wọn yóò san án. Bí ó pẹ́, bí ó yá, wọn yóò san án.

Bàbá Rádà dúró, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ lójà ìlú òkèèrè. Ó bọ́ bàtà. Ó sọ fún mi pé, "Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Wọ́n rán mi lọ síwèé, n kò fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́."

Lásísì ní, "Làmídì, kí ni òyìnbó rẹ ń wá?"

Mo ní, "Ọkọ́ ló fẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ilẹ̀ tó kó sápò kò tó o ni?"

Mùdà fún un ní ọkọ́. Ebè tí ó kọ́kọ́ kọ dà bí ibi tí ewúrẹ́ sùn sí. Bùrémọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Rádà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta lẹ sin síbẹ̀?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi yẹ àtàrí, ebè rẹ̀ ti ń dúró. Nígbà tí wọ́n gbé iṣu àti ata dé, ó bu ata tó mú kí omi bọ́ lójú Jóòbù, Jóòbù ní, "Ẹ fi ọkùnrin yìí sílẹ̀. Iná ni bàbá rẹ̀ gbìn."

Mo rò pé ọjọ́ kan ni. Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Oko mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bá wọn ṣe, èmi náà sì bá wọn ṣe é, nítorí n kò lè dúró kí n káwọ́ gbera níwájú àwọn ọmọ Ṣakí, kí wọ́n ní koríko ti sọ mí di obìnrin.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, Lásísì nu ọkọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó ti kárí. Ó ku ọjọ́ Bàbá Rádà. Níbo ni oko rẹ̀ wà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnu wá ń yún mi. Mo ní, "Oko rẹ̀? Ẹ ò rí ilẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ tó wà níwájú ilé Ọ̀gá Akíntáyọ̀? Koríko ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ni ín ti sá lọ sókè òkun."

Ẹ̀rín tún ta. Lásísì náà rín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rín in, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń ka ọjọ́. Mo rí i. N kò fi ṣe nǹkan kan. Ọmọ Ṣakí ni mí, ó yẹ kí n mọ̀ pé wọn kì í fi àáró ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí oṣù Kẹjọ wọlé, a lọ sí Òfíkì, a lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n fún wa ní àkùkọ kan tí ó bínú gan-an, tó ṣá Tìmótì nídìí títí a fi délé. Ọ̀sán la dé. Tìmótì yà wọlé, ó tẹ bíréèkì lójijì.

Ebè ni mo rí. Ebè láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ebè tó tò bí ọmọ iléèwé láàárọ̀. Gbòǹgbò bàhámà dojú sókè nínú oòrùn, funfun, bí eegun ẹja.

Tìmótì ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Làmídì, mo mọ ẹni tó ń ta àpótí ẹrù tó dára. Ẹ ó nílò méjì."

Ràbí jáde wá pẹ̀lú ẹ̀rín, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ikùn. "Ẹ káàbọ̀ o! Àwọn èèyàn yín wá lánàá. Wọ́n ṣiṣẹ́! Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti dé ibi òpó iná. Mo sì tọ́jú wọn dáadáa."

Mo ní, "Kí lo fi tọ́jú wọn?"

"Àwọn àkùkọ."

Bàbá Rádà gbọ́ èyí láìsí ògbufọ̀. Ó wo àyíká. Ó bi í léèrè pé, "Ìgbòho dà?"

Ràbí ní, "Ikùn Lásísì."

"Tédé ńkọ́?"

"Bùrémọ̀ àti Jóòbù ló pín in. Ìwéré ló le jù, Bàbá Rádà, mo sè é láàárọ̀ títí di ọ̀sán."

Mo pariwo pé, "Ta ló ní kí wọ́n wá?"

Ràbí wò mí tìyanutìyanu. "Wọ́n ní ìwọ ni."

Mo jókòó sórí ebè kan. Mo ń ro yàrá wa. Mo ń ro ikùn Ràbí àti ọdún mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí Ọ̀gá dé. Bàbá Rádà wá jókòó sórí ebè kejì, ó fọwọ́ pa erùpẹ̀ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Mo rò pé yóò bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "Làmídì, wọ́n kọ ọ́ dára ju tèmi lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá Lásísì nílé. Mo wólẹ̀. Mo ní ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá tú ebè náà.

Ojú Lásísì yí padà. "Tú kí ni? Làmídì, ṣé èmi ni wàá ní kí n tú àáró? Ọkùnrin yìí fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ kọjá òkun, ó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ wa, a san án padà. Tí a bá tú u, a jẹ́ pé a ò san nǹkan kan. Iṣẹ́ tí kò bá so, ẹ̀gàn ni."

Mo wo Bàbá Rádà. Ó ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe sí mi, sí Lásísì. Mo mọ̀ pé mo ti ń dá wà.

Ràbí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti so ńkọ́?"

"Tó bá ti so, ilẹ̀ padà di ilẹ̀. Ẹni tó ni ín lè ṣe é bó ṣe fẹ́."

"Tẹ̀tẹ̀ ń tó ó já ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Lásísì ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ràbí tún ní, "Ohun kan tún kù tí mo fẹ́ bi yín. Oko yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣé ọkọ mi ń dúró wòran níbẹ̀ ni?"

"Rárá, ó kọ ebè."

"Ọjọ́ tirẹ̀ dà?"

Lásísì wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Làmídì, ìwọ kọ́ ló yẹ kí ìjọba gbà síṣẹ́!"

Bí a ṣe gbin tẹ̀tẹ̀ sí iwájú ilé Ọ̀gá Akíntáyọ̀ nìyẹn. Mo kó gbòǹgbò bàhámà sí abẹ́ igi máńgòrò, mo fi àpò bò ó, mo ń bomi wọ́n ọn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Tẹ̀tẹ̀ hù, ó yọ ewé, ó ga dé orúnkún. Bàbá Rádà ń se é pẹ̀lú àwọn ohun tó ń ta sánsán tí ó kó wá nínú ìgò. Ràbí ń fi ìka lá ìkòkò rẹ̀. Àdúgbò ń wá já ẹ̀fọ́, kò sí ẹni tí ó lé wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó ń kọ lẹ́tà sí Rádà, ó dá báírò dúró. Ó ní níbi tí òun ń gbé, bí òun bá ṣe ẹnì kan lóore, onítọ̀hún á ní ó ṣeun. "Ó ṣeun" yẹn, bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí, oníkálùkù á gba ilé rẹ̀ lọ. Ó ní ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun fi wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ òun ní ohunkóhun. Ó tún tẹ báírò sórí ìwé, ó ń kọ ọ́ lọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, a fa tẹ̀tẹ̀ tu, mo sì pe ọjọ́ mi. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé pẹ̀lú ọkọ́. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ láàárín wákàtí méjì. Bàbá Rádà náà mú ọkọ́, ó ní òun kò ní jókòó lọ́jọ́ tèmi. Mo wá kó gbòǹgbò bàhámà dé, mo ní kí wọ́n máa gbìn ín.

Kò sí ẹni tó mira.

Lásísì mú ẹyọ kan, ó yí i padà lọ́wọ́. Ó ní, "Láti ìgbà tí bàbá mi ti fún mi lọ́kọ́, koríko ni mo ń pa. Lónìí mo ń gbìn ín. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ má délé sọ fún ìyàwó mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àdìsá ní kí n mú okùn wá kí ó lè tò dáadáa. Mo ní koríko kì í tò. Ó ní ohunkóhun tí òun bá gbìn gbọ́dọ̀ tò.

Rájí bi mí pé, "Nígbà wo ni a ó wá ro èpò rẹ̀?"

Bùrémọ̀ ní, "Èpò fúnra rẹ̀ ni! Kí ló tún fẹ́ jẹ́ èpò èpò?"

Mùdà ronú sí i. Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ ni. Bí ẹ bá rí ẹ̀gẹ́ tó hù síbẹ̀, ẹ fà á tu."

Ẹ̀rín pa wá títí Jóòbù fi dùbúlẹ̀ lórí koríko tó ń gbìn. Ràbí gbé iṣu dé, Òfíkì, àkùkọ tó kù, ń wo gbogbo wa láti orí ògiri. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Akíntáyọ̀ dé. Òjò ti ràn wá lọ́wọ́, bàhámà ti yọ, ó ti ń fà. Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò tíì kí ẹnikẹ́ni, ó lọ dúró síwájú rẹ̀. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ràbí dúró sẹ́yìn fèrèsé, oyún rẹ̀ ti sọ̀ sílẹ̀.

"Làmídì."

"Sà."

"Kí ló dé tí koríko mi fi wà ní ìlà?"

Bàbá Rádà ló bọ́ síwájú, ó ti wọ kóòtù. Ó dá èdè òyìnbó tó gùn, ó ń nàka sílẹ̀, ó ń nàka sójú ọ̀run. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ kò ju "ilẹ̀", "afẹ́fẹ́" àti "ọ̀nà tuntun" lọ. Ọ̀gá mi orí. Ó yọ ìwé kékeré láti inú àpò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, Làmídì, bẹ́ẹ̀ ni kí o máa gbìn ín."

Ó di ọdún mẹ́wàá kí Ọ̀gá tó gbọ́ òótọ́, lẹ́nu Tìmótì, lọ́jọ́ tí a ń ṣe ìdágbére fún un. Ó wò mí kọjá orí tábìlì. Ó ní, "Mo rò pé tẹ̀tẹ̀ tó ń hù níbẹ̀ lọ́dọọdún, ẹyẹ ló ń gbé e wá."

Ọjọ́ tí Bàbá Rádà ń lọ, ó kí gbogbo ènìyàn tán, ó ní, "Làmídì, mo bá ọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tìẹ. O jẹ mí ní ọjọ́ kan."

Mo ní, "Ẹ padà wá gbà á, sà."

Ó mi orí. Ó tọ́ka sí Ràbí. "Mo fún ìyá ọmọ."

Ràbí kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń gba àwo. Ọ̀sẹ̀ kejì ló bí Kúdírátù nínú yàrá tí a kò lé wa kúrò níbẹ̀.

Lẹ́tà kan dé lẹ́yìn ìgbà náà, pẹ̀lú àwòrán Rádà tó di ọkọ́ mú níwájú ilé wọn. A kò gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó fi sílẹ̀, ó lé ní ogójì ọdún tí a fi gbọ́ ọ. Bí mo bá ní ó rẹ̀ mí, Ràbí á ní, "Ọjọ́ Bàbá Rádà mi wà lọ́wọ́ rẹ o." Bí mo bá ń bínú, á ní, "Ẹni tó jẹ mí ní ọjọ́ kì í pariwo mọ́ mi." Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó gbà á. Mo ní kó jẹ́ kí n ro oko ilá rẹ̀, kí n tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe. Ó ní rárá. "Tí mo bá gbà á, kí ni màá fi máa dẹ́rù bà ọ́?"

Ó pé oṣù mẹ́rin lónìí tí ó ti kú. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni a sin ín sí, ní ọwọ́ òsì, níbi tí oòrùn kì í ti í pẹ́ kúrò. Erùpẹ̀ ibẹ̀ wà lófìfo. Mo rántí Bàbá Dáúdà: orí tí a fá ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí òjò rọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́ wa àtijọ́, mo tọrọ bàhámà lọ́wọ́ gádínà wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo mú ọkọ́, mo mú okùn. Kúdírátù ní, "Bàbá, ìbàdí yín. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹnì kan." Mo ní àáró kì í ní aṣojú. Mo ń gbìn ín lọ ní ìlà, mo ń sinmi, mo ń gbìn ín. Lásísì nìkan ló kù nínú àwọn mẹ́fà. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó gbọ́, ó ní kí wọ́n fa òun wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ lé ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Ó tọ́."

Lẹ́yìn náà ó ní, "O ti jẹun?"

Mo ní n kò jẹ. Kò fi oúnjẹ lọ̀ mí, nítorí àwa méjèèjì mọ òfin. Ẹni tó ni oko ló ń se oúnjẹ.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo parí. Mo nu ọkọ́ mi, mo dúró lẹ́bàá sàréè rẹ̀. Mo ní, "Ràbí, ó ti kárí. N kò jẹ ọ́ ní nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọjọ́ òní wà lọ́rùn rẹ. Máa sè é. Mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́."